Mo Ti Jẹun, Ẹ Ṣeun

Bí a bá bi Yorùbá tí wọ́n kọ́ dáadáa bóyá ó ti jẹun, á ní òun ti jẹun, bí ìfun rẹ̀ tilẹ̀ ń pariwo. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé yìí kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn méjì nínú ìtàn yìí, ọ̀kan nínú ara, èkejì nínú ọkàn.

Jael Láyíwọlá ń kọ́ iṣẹ́ onímọ̀ oúnjẹ ní ilé ìwòsàn kan lápá Yábàá. Láràárọ̀ ló ń wọkọ̀ láti Àgùdà, á wọ kóòtù funfun, á máa lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì: kí lẹ jẹ lánàá, ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ̀bà yín ò gbọdọ̀ ju ìkúùkù lọ. Ó mọ iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ ni àwọn òbí rẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n, àárín akọrin ni Jael sì dàgbà sí. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti kú tipẹ́. Inú rẹ̀ kì í dùn, kì í sì í bà jẹ́. Bí aláìsàn bá kú, á béèrè bóyá kí wọ́n gbé oúnjẹ rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì fẹ́ fún aláìsàn kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Rilwan ní abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ. Ó ní kí Jael lọ wò ó bóyá màmá ti jẹun, nítorí abẹ́rẹ́ yẹn lè pa ẹni tí inú rẹ̀ ṣófo. Òfin iṣẹ́ wọn rọrùn: ṣí abọ́ wò. Jael dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, ọmọ mi. O ṣeun."

Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ irú ìdáhùn yẹn? Jael rí abọ́ náà pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ lórí. Kò kàn jọ ọ́ lójú ni. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Wọ́n ti jẹun."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, òógùn ti bo Ìyá Rilwan, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ẹnu wọn kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn dókítà sáré fa omi ṣúgà sí wọn lára. Nígbà tí wọ́n ṣí abọ́, ògì ti dì, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan mọ́ínmọ́ín.

"Ta ló ní wọ́n ti jẹun?" ni dókítà béèrè.

"Màmá fúnra wọn ni, sà," ni Jael dáhùn.

Bí ẹ̀bi ṣe bọ́ sórí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ nìyẹn. Jael wá ìbẹ̀rù nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ó wá àánú, kò sí.

Gertrude, tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, bá a lẹ́yìn ilé ìdáná.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Jael, mi ò kí ẹ o. Mò ń bi ẹ́ ni."

"Màmá yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, kò sì dùn mí. Kí ló ń ṣe mí?"

"Ebi Ọlọ́run ló ń pa ẹ́."

"Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí mi sí."

"Ilé ìdáná nìyí, ẹ̀yìn ẹ̀ la dúró sí. Ṣé ìyẹn ti mú ẹ yó? Jésù ni oúnjẹ. Ó kú torí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ, títí kan tàárọ̀ yìí. Sọ fún un pé o ò tíì jẹun."

Jael kò sunkún. Ó kàn fọwọ́ ti ògiri, ó ní, "Olúwa Jésù, irọ́ ni mo ń pa. Mo ti dẹ́ṣẹ̀. Mi ò jẹun rí. Gbà mí."

Lẹ́yìn náà ó lọ sọ òtítọ́ fún dókítà, ó sì gba ìbáwí tó tọ́ sí i. Nígbà tí Ìyá Rilwan jí, Jael kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, mi ò ṣí abọ́ yín wò. Ẹ dárí jì mí."

"Èmi náà ni mo ní mo ti jẹun. Ojú ló tì mí láti sọ pé ògì tí ò ní ṣúgà ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi." Wọ́n wò ó lójú. "Ìwọ ńkọ́, ṣé o ti jẹun?"

"Rárá, mà. Ebi ń pa mí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú omi jáde lójú rẹ̀, díẹ̀ péré, ó sì gbóná.

Ìwọ ńkọ́, tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, bóyá ní gáréèjì Ìdó, bóyá níbi tí o ti ń dúró de dókítà? Bí àlùfáà bá kí ọ lọ́jọ́ Ìsinmi, o máa ń ní, "A dúpẹ́, sà." Ìdérí náà ń dán. Ṣùgbọ́n Jésù kì í wo ìdérí lásán; ó ń ṣí abọ́ wò. Ronú pìwà dà lónìí, nítorí o kò mọ abẹ́rẹ́ tí ọ̀la mú lọ́wọ́. Kì í ṣe pé Jésù ń kí ọ. Ó ń bi ọ́ ni: ṣé o ti jẹun?