Géèjì Tó Ń Purọ́

Ọjọ́ tí Orrin mẹkáníìkì kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ inú abà yẹn, Verna, opó tó ni ín, kò sún mọ́ ọn. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó káwọ́ mọ́ra.

"Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wò," ó ní. "Ẹ máa rí ọkọ mi tó kú."

Orrin yí i. Ọwọ́ géèjì epo fò sókè, ó dúró gbọn-in pé táńkì kún. Bẹ́ẹ̀, gbígbẹ ni táńkì gbẹ.

Milo, ọkọ Verna, ló fọwọ́ ara rẹ̀ yọ bátìrì onífóltì mẹ́fà, tó fi onífóltì méjìlá rọ́pò rẹ̀, kí ọkọ̀ lè máa tètè jí nígbà òtútù. Iná tàn yòò, inú rẹ̀ dùn. Ó gbàgbé pé iná yẹn ti pọ̀ jù fún géèjì àtijọ́. Nígbà tí yìnyín ń já, epo tán mọ́ ọn lójú ọ̀nà oko, géèjì sì ń sọ pé ó kún. Ó fẹsẹ̀ rìn. Kò délé.

"Mo lè fi géèjì tuntun sí i fún yín," ni Orrin wí.

"Rárá o. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kó sọ òótọ́."

Orrin wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Verna á gbé kọfí àti kólákì, àkàrà òyìnbó eléso, wá, wọn á jókòó sórí ìtì igi, wọn á máa rẹ́rìn-ín. Kí géèjì tó sọ òótọ́, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Orrin ní kó fẹ́ òun.

"Olólùfẹ́ mi, mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa sùn, tí Milo ṣì ń sọ nínú abà pé epo wà?"

Ìyá Milo, Ludmila, tí òun àti Verna jọ ń gbélé, kò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ sétí. "Síbi tí ọmọ mi jókòó sí ni ìwọ náà fẹ́ jókòó? Ojú ẹ mà le o!"

"Ẹ má bínú, Màmá," ni Orrin máa ń wí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó so ẹ̀rọ kékeré tó ń dín iná kù mọ́ ẹ̀yìn géèjì, ó ha ìpẹtà kúrò níbi tí wáyà táńkì ti kan irin ọkọ̀. Ó pe àwọn obìnrin méjèèjì, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ọwọ́ géèjì mì díẹ̀, ó sì sinmi sísàlẹ̀ pátápátá. Epo ò sí.

Verna bú sẹ́kún. "Milo, o ò tètè sọ ọ́!"

Ludmila yíjú padà, ó jáde. Wọ́n rò pé inú ló ń bí i. Ìgbà tó máa padà dé, kẹ́ẹ̀gì epo ló ń wọ́ bọ̀. Ó gbé e lé Orrin lọ́wọ́.

"Rọ ọ́ sí i, kí n fojú mi rí i tó ń gòkè. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ ṣègbéyàwó, èmi ni màá kọ́kọ́ wò ó kẹ́ ẹ tó gbéra. Mi ò ní sin ọmọ méjì."