Ohùn Ẹ̀yìn Kọ́tìnì

Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní irọ́. Nọ́ọ̀sì tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀ ṣì wà láyé, kì í sì í ṣe òpùrọ́.

Mẹkáníìkì kan ni wọ́n gbé wá sílé ìwòsàn. Jáàkì ló yẹ̀, tí ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lé e nítan. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un tán, nọ́ọ̀sì wá bi í bó bá máa ń mu igbó. Ojú ìyá rẹ̀ ló ti bi í, ibẹ̀ ló ti ṣì í ṣe. Ta ni í jẹ́wọ́ igbó lójú ìyá tó bí i?

"Ọmọ tèmi kẹ̀? Ká má rí i!" Ìyá ti fò dìde.

"Mi ò mu ún rí," ọmọ náà sọ. Ilẹ̀ ló ń wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì rí i pé wọ́n ti fa kọ́tìnì yí bẹ́ẹ̀dì mẹkáníìkì náà ká. Wọ́ọ̀dù dákẹ́ rọ́rọ́. Òórùn igbó ń jáde. Kó tó fọwọ́ kan kọ́tìnì, ohùn mẹkáníìkì dún níbẹ̀.

"Mo ń mu ún. Lójoojúmọ́ ni. Ẹsẹ̀ mi ti ń wú. Ẹ má sọ fún màámi."

"Mi ò ní sọ," ló fi dá a lóhùn, ó sì sáré tọ dókítà lọ.

"Ìwádìí kan sọ pé ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fara pa, tó sì ń mu igbó, lè tètè dì sínú iṣan," ni dókítà wí. "Bó bá já lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa á. Jẹ́ ká lọ."

Wọ́n ṣí kọ́tìnì. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tutù, wọ́n tẹ́ ẹ dáadáa. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń ti mẹkáníìkì bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́.

"Ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun la wà láti àárọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ó tilẹ̀ sùn síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ rú nọ́ọ̀sì lójú. Àbí orí òun ti ń dàrú ni? Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń wá yẹtí. Dókítà ní kí wọ́n ṣáà yẹ ẹsẹ̀ náà wò. Ẹ̀jẹ̀ ti dì síbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, orí sì kó o yọ.

Nígbà tí ìyá jáde, ọmọ náà di nọ́ọ̀sì lápá mú.

"Òótọ́ ni, mo ń mu ún. Ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ náà ni."

"Èmi? Mi ò sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan!"

Nọ́ọ̀sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ẹ̀rù ń ba ẹni tó ń sọ, ó ń ba ẹni tó ń gbọ́. Mẹkáníìkì wo ìrọ̀rí rẹ̀ títí. Ó rọra sún sí etí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni tó ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹnìkejì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ṣé ó ti lọ?"