Méjì àti Mẹ́ta Lára Pátákó Orin

Mọ́ládé dorí kọ tábìlì níwájú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Ṣakí. Ohùn ọkùnrin kan dún lẹ́nu ọ̀nà.

"Tíṣà, ṣé ẹ ń gbàdúrà fún un ni?"

Ó gbójú sókè. Ọkùnrin gíga kan ni, ẹfun bò ó lọ́wọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Mo ń bẹ̀ ẹ́ ni. Mo ní kó ro méjì mọ́ mẹ́ta, ó ní mẹ́tàlélógún ni."

"Àwọn ọmọ kíláàsì mi gbọ́n jù ú lọ."

Báyìí ni òun àti Adégbénró, tíṣà ìṣirò tuntun, ṣe mọ ara wọn ní ọdún 1986. Míṣọ́nnárì kan ló fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún un, Mọ́ládé sì ti pinnu láti fi ìwé yẹn kọ́ ara rẹ̀ títí ẹ̀rọ yóò fi mọ ìṣirò. Kí oṣù méjì tó pé, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí Adégbénró kì í sìn ín dé ilé.

Ìgbà náà ni bàbá Mọ́ládé, díákónì tí ó ń dáko iṣu ní Ogbooro, ránṣẹ́ sí i: "Ládòkun ọmọ ọ̀rẹ́ mi ń dúró dè ọ́ láti fi ọ́ ṣaya. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Bí mi ò bá rí iṣẹ́ tí àpótí yẹn ń ṣe, a jọ ń lọ sílé ni."

Adégbénró wo àṣẹ tí Mọ́ládé kọ fún ẹ̀rọ, ó sì rí àṣìṣe náà. "Olólùfẹ́ mi, jẹ́ kí n fọwọ́ kan ibì kan péré."

"Má fọwọ́ kàn án. Bó o bá ṣe é, iṣẹ́ rẹ ni bàbá mi máa rí. Kí ni màá wá fi kọ Ládòkun?"

Adégbénró fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Òun ni ó máa ń fi nọ́mbà orin kọ́ pátákó nínú ìjọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó fi 2 kọ́, ó fi 3 tẹ̀ lé e, ó sì bojú wẹ̀yìn wo Mọ́ládé. Gbogbo ìjọ ṣí orin kẹtàlélógún. Mọ́ládé kò ṣí ìwé. Kò sí ẹni tó ro méjì mọ́ mẹ́ta. Wọ́n kàn gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹ̀rọ gba nọ́mbà bí ẹni gba ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ sì ń tò wọ́n bí ẹni to ọ̀rọ̀. Bí wọ́n ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ó ti wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń tún àṣẹ náà kọ.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá rẹ̀ kò tilẹ̀ jókòó. "Igba ebè, lọ́nà mẹ́tàdínlógún."

Mọ́ládé tẹ̀ ẹ́. 3400 yọ.

"Ẹgbẹ̀tàdínlógún," ni Bàbá sọ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ti rò ó lọ́kàn ṣáájú ẹ̀rọ. "Yọ ogójì tí màlúù jẹ kúrò."

3360.

"Màlúù pàápàá kò sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ta ló bá ọ ṣe é?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹnì kan kàn fi nọ́mbà orin kọ́ pátákó fún mi ni."

Bàbá wo Adégbénró tí ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ, ṣé o mọ ọ̀nà Ogbooro?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, sà. Màá bèèrè."

"Mú àwọn ènìyàn rẹ dání tó o bá ń bọ̀. Èmi ni màá bá bàbá Ládòkun sọ̀rọ̀."

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, orin mìíràn ni àlùfáà yàn, ṣùgbọ́n 2 àti 3 ni ó bá lára pátákó. Ó wo ọkọ, ó wo ìyàwó tí ó ń fi ìbòjú pa ẹ̀rín mọ́. Ó ní kí ìjọ dìde, kí wọ́n ṣí orin kẹtàlélógún.