Ìyá Débọ́lá àti Oyún Àkọ́kọ́

"Ta ni Ìbíjọkẹ́ nínú yín?"

Àyà mi já. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúntúndé ló ń béèrè mi, màmá àgbà tó ṣáájú àwọn tó wá yẹ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí wò ní yunifásítì wa. Ilé ìgbẹ̀bí kan ní Ìkòsí, níbi tí a ti ń kọ́ṣẹ́, ni wọ́n ti wá bá wa lọ́dún 2006. Ìwé ìgbẹ̀bí mi, tí mo ń kọ orúkọ àwọn tí mo gbẹ̀bí fún sí, ló wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ìgbà ogún ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbẹ̀bí. Méjìlá péré ni mo ṣe, nítorí igbe àwọn tó ń rọbí máa ń lé mi jáde. Ọ̀rẹ́ mi Loveth ní, "Abẹ́g, kọ orúkọ síbẹ̀ jàre! Ta ló máa wá ìyálọ́mọ kiri gbogbo Kétu?" Èmi òmùgọ̀ náà kọ orúkọ àwọn ìyá àdúgbò wa mẹ́jọ, mo sì ṣe bí ẹni pé Sister Adébísí, agbẹ̀bí tó ń kọ́ wa, ló buwọ́ lù ú.

"Èmi nìyí, mà."

"Ka ìlà yìí sókè."

"Ìyá Débọ́lá. Oyún àkọ́kọ́."

Wọ́n yọ awò ojú wọn. "Oyún àkọ́kọ́, kẹ̀? Ta wá ni Débọ́lá? Ṣé kí obìnrin tó bímọ ni wọ́n ti ń fi orúkọ ọmọ pè é?"

Mo gbé o! Loveth ti tẹjú mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yíjú sí Sister Adébísí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ buwọ́ lù ú?"

Sister wò mí. Mo rí àánú lójú wọn, mo sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ parọ́ nítorí mi. Iṣẹ́ ọdún gbọọrọ ni irọ́ yẹn máa gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rù bà mí débi pé ìtọ̀ fẹ́ bọ́ lára mi, mo bá kúnlẹ̀ gbì.

"Ẹ má bi wọ́n, mà. Èmi ni mo kọ ọ́. Irọ́ ni mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n pa ìwé náà dé.

"Ọmọ mi," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, "obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ò ní béèrè máàkì rẹ. Ohun tí ọwọ́ rẹ mọ̀ ló máa gbà á là."

Wọ́n dá mi padà sẹ́yìn ní ọdún kan gbáko. Mo sunkún, ojú tì mí. Loveth bá ẹgbẹ́ jáde, torí wọn ò ṣí ìwé tirẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí àwọn obìnrin tí ó máa gbẹ̀bí fún.

Nígbà tí mo ń gbẹ̀bí fún ẹnì kẹẹ̀ẹ́dógún, tòótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí, orí ọmọ yọ, ìwọ́ sì lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Jìnnìjìnnì bò mí. Sister Adébísí dúró lẹ́yìn mi. "Rọra gbé ìwọ́ náà gba orí ọmọ," ni wọ́n wí. Mo fi ìka gbé e, ìwọ́ náà kọjá, ọmọ sì ké.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má fi irọ́ kún iṣẹ́ tí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ká ní wọ́n jẹ́ kí n fi irọ́ mẹ́jọ yẹn jáde ni, èmi nìkan ni ǹ bá dúró ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀, láìsí Sister lẹ́yìn mi, ǹ bá sì pa á.