Ẹ̀rọ Kẹrin Nínú Pálọ̀ Lalla Zhor

Ẹ̀rọ mẹ́ta péré ló wà nínú pálọ̀ Lalla Zhor, ṣùgbọ́n mẹ́rin ni rìmóòtù tuntun náà rí.

Ojú mi ló ṣe. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà la jọ ń gbé ní ìlú Oran, ní Algeria, ilẹ̀kùn mi kọjú sí tirẹ̀. Opó ni Lalla. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Marseille, nílẹ̀ Faransé, òun ló sì fi rìmóòtù gbogboǹṣe náà ránṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wà lọ́tọ̀, ti dikódà lọ́tọ̀, ti ẹ̀rọ orin lọ́tọ̀, Lalla a sì máa ṣì wọ́n tẹ̀ títí inú á fi bí i. Èmi ni mo pe Kouider, tó máa ń tún àwo sátẹ́láìtì ṣe lórí òrùlé wa, pé kó wá bá a tò ó.

Kouider tẹ bọ́tìnì kan mọ́lẹ̀, ó kọjú rìmóòtù sí ẹ̀rọ, rìmóòtù sì ń wá a kiri títí ẹ̀rọ náà fi kú fúnra rẹ̀. Bó bá ti kú, a jẹ́ pé ó ti rí i nìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n kú. Dikódà kú. Ẹ̀rọ orin náà kú. Iná kékeré tàn lára bọ́tìnì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kouider gbé rìmóòtù sílẹ̀ kó lè mu kọfí rẹ̀, ni iná kẹrin bá tàn.

"Lalla, kí lẹ tún fi pamọ́ sílé yìí?" ni Kouider wí. "Àbí ẹ ti ní ọkọ mìíràn nínú kọ́bọ́ọ̀dù?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́, aláìnítìjú!" Ṣùgbọ́n Lalla náà ń rẹ́rìn-ín.

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bí iná yẹn ṣe tàn ni nǹkan kan dákẹ́ nínú pálọ̀, bí ìgbà tí fìríìjì bá dákẹ́ tí èèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ó ti ń dún tẹ́lẹ̀. Mo tẹ́tí. Fìríìjì ṣì ń dún ní kíṣìnì.

Látìgbà náà ni Lalla ò ti kan ilẹ̀kùn mi mọ́. Tẹ́lẹ̀, kò sí ọ̀sán tí kì í wá tọrọ iyọ̀ tí kò nílò. Inú mi a sì máa dùn láti bù ú fún un, torí pé ọkọ mi ti kọ̀ mí sílẹ̀, n kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nílé. Ní báyìí, tí mo bá ń kọjá, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Á sọ̀rọ̀, á dúró díẹ̀, á tún sọ̀rọ̀. Ohùn ọkùnrin kan sì ń dá a lóhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú gidi, mo gbé abọ́ ọbẹ̀ chorba lọ bá a. Ilẹ̀kùn ò tì. Lalla jókòó lórí àga gígùn, ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n tó dúdú kirikiri. Inú sípíkà ẹ̀rọ orin ni ohùn náà ti ń jáde, jẹ́jẹ́, bí ohùn ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

"Màmá, ta nìyẹn?" Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mo bi í.

"Si Larbi ni. Ọkọ mi. Bọ́tìnì kẹrin ni mo tẹ̀."

Mo ké Bísímíláì, mo sì mú rìmóòtù lórí tábìlì kí n lè pa ohun tó ń sọ̀rọ̀ náà. Ó fúyẹ́ jù. Mo yí i padà, mo rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sí bátìrì kankan nínú rẹ̀.

"Wọ́n ti kú tipẹ́," Lalla ní. "Mo ti dà wọ́n nù."

Ohùn náà bá ní, "Wassila, káàbọ̀. Wá jókòó."

Ọbẹ̀ gbígbóná dà sí mi lọ́wọ́. Si Larbi ti wà nínú sàréè kí n tó kó dé ilé yẹn. Kò gbọ́ orúkọ mi rí láyé rẹ̀.

"Màmá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká jáde. Kì í ṣe bàbá lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀!"

"Mo mọ̀." Lalla ò tiẹ̀ gbé ohùn sókè. "Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Larbi kẹ̀! Gbogbo ọdún tí mo fi wà lọ́ọ̀dẹ̀ ọkùnrin yẹn, kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. "Mo kàn fún un lórúkọ ni, ọmọ mi. Mo ní láti máa pè é ní nǹkan."

Mo fà á lọ́wọ́, kò dìde. Mo bá kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Láti ibi tí mo dúró, mo rí ilẹ̀kùn ilé tèmi, mo sì mọ bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe dákẹ́ tó.

"Ọwọ́ ẹ ti bó, Wassila," ohùn náà wí, ó tún rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

Kò sẹ́ni tó bi mí ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ látìgbà tí mo ti ń dá gbé. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí Lalla sún díẹ̀ lórí àga, tó fi ọwọ́ gbá àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ́pẹ́.

Mo ti ilẹ̀kùn. Inú pálọ̀ Lalla ni mo wà nígbà tí mo tì í.