Iyọ̀ Ojú Dígí

Nígbà náà, ìyá Oníkùukùu ṣì wà láyé. Bàbá rẹ̀ ti lọ, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó máa ń fi gbogbo ilé ṣe yẹ̀yẹ́ náà ti lọ. Ó wá ku ọmọ àti ìyá, pẹ̀lú oòrùn tó ń fojú wọn rí màbo. Àyà ìyá kò gba ooru. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni.

Iṣẹ́ ọmọ yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Oníkùukùu. Nínú yàrá tí wọ́n fi ọ̀rá bò, ó ń fọ́n omi iyọ̀ wínníwínní bí ìrì, kí ìkùukùu inú rẹ̀ lè funfun sí i, kí ó máa dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sókè. Bí èyí bá ṣeé ṣe lórí òkun, ara á tu ayé díẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré olójú dígí ló ń wọn funfun náà.

Ọjọ́ pé tí àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí yóò fi iṣẹ́ tuntun han ara wọn níwájú àwọn àgbà. Ẹnì kan péré ni wọn yóò mú wọ ọkọ̀ ojú omi, kí ó lọ dán iṣẹ́ rẹ̀ wò lórí òkun. Láàárọ̀, bí Oníkùukùu ti ń di ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò kan dígí. Àtàǹpàkò funfun. Iyọ̀ ni! Kò nu ún rí láàárín ìdánwò kan sí èkejì. Ṣé ìkùukùu ló wá funfun ni, àbí dígí?

"Nù ún, kí o panu mọ́," ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, wí. "Ta ló fẹ́ wá fi ahọ́n lá a wò?"

"Bí a bá dé orí òkun ńkọ́?"

"Ìwọ sáà kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ná."

Fóònù dún. Ìyá rẹ̀ ni, láti ọsibítù.

"Ọmọ mi, mo ti sọ fún nọ́ọ̀sì pé ìwọ lo máa bá wa bá oòrùn wí. Ó ní kí o tètè ṣe é, bẹ́ẹ̀dì ti kún." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Nígbà tí wọ́n pè é, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ síwájú. Ó fi àwòrán àbájáde rẹ̀ hàn. Àwọn àgbà ń mi orí pé ó dára.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbà á gbọ́," ni ó wí. "N kò nu dígí."

Ọ̀gá wọn bọ́ awò ojú rẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, sà."

Ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ọ̀gá ní kí ẹni tó kàn bọ́ síwájú. Ẹni náà ló wọ ọkọ̀.

Oníkùukùu tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń nu dígí nígbàkígbà tó bá fọ́n omi. Funfun tó ṣẹ́kù kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò parẹ́ bí ó ti wù kó nu dígí tó. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá wò ó. "Èyí ṣeé gbé dé òkun," ni ó wí, "bí ọkọ̀ bá tún fẹ́ lọ."

Ọ̀gbẹlẹ̀ kò dúró dè wọ́n. Ìyá rẹ̀ ń mí pẹ̀lú ẹ̀rọ nímú.

"Ṣé ìta ti ń tutù?" ni ó bi ọmọ rẹ̀.

Irọ́ kan wà lẹ́nu ọmọ, ó dùn bí oyin. Ó gbé e mì.

"Rárá, Màámi. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ nínú yàrá wa. Kò tíì dé ìta."

"Díẹ̀ náà dára. Mo mọ ohun tí mo dì mú."

Ẹ̀yin ọmọ, irọ́ lè múnú ẹni dùn, kò lè tu ilẹ̀ lára. Òótọ́, bó ti wù kó kéré tó, òun ni ẹlòmíràn lè kọ́lé lé.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí oòrùn kan àtàrí, ìyá Oníkùukùu dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ ọmọ rẹ̀.