Ìkéde Ààrẹ Tí Bàbá Ọláyíwọlá Túmọ̀ fún Ará Ilé

Kó tó di pé fóònù gbòde, bí ìṣòro bá dé bá orílẹ̀-èdè yìí, tí wọ́n bá ní olórí ìjọba fẹ́ bá ará ìlú sọ̀rọ̀, iyàrá Bàbá Ọláyíwọlá ni gbogbo ará ilé wọn ní Àgùdà máa ń gbà lọ. Bàbá á gbé rédíò ńlá rẹ̀ sójú fèrèsé. Sẹ̀kínátù ìyàwó rẹ̀ á di wáyà ẹ̀yìn rédíò náà mú, á nà án sókè, torí ibi tí òun bá dúró sí nìkan ni ohùn ti máa ń já gaara. Bó bá sọ ọwọ́ kalẹ̀ pẹ́nrẹ́n, rédíò á bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí epo tó ń dín àkàrà.

Rédíò ni Bàbá ń tún ṣe ní Mushin nígbà náà. Ó gbọ́ èdè òyìnbó dáadáa, nítorí náà òun ni ògbufọ̀ ilé. Olórí ìjọba á sọ gbólóhùn mẹ́ta, Bàbá á na ọwọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, á wá sọ ọ́ ní Yorùbá.

"Ó ní kí a má bẹ̀rù."

"A ti gbọ́ ìyẹn."

"Ó ní epo bẹntiróòlù ń bọ̀."

"Ṣé ó sọ ìgbà tó ń bọ̀?"

"Kò sọ ìgbà."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa ń jiyàn pẹ̀lú Bàbá. Bó bá ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ tán, òfin ti délé nìyẹn.

Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí àìsàn kòrónà fi máa dé, Bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, rédíò náà sì ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, aṣọ bò ó, bátìrì ò sí nínú rẹ̀. Rótìmí ọmọ wọn ti ra fóònù fún Bàbá. Inú fóònù yìí ni gbogbo ayé wà, pàápàá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Èkó, tí wọ́n ń kí ara wọn káàárọ̀ lórí wáàsáàpù kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí Ààrẹ máa sọ̀rọ̀ nípa kòrónà, iná lọ kó tó la ẹnu. Kò sẹ́ni tó ní epo nínú jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí iná máa fi dé, ọ̀rọ̀ ti parí. Bàbá sùn pẹ̀lú ìbànújẹ́, bí ẹni tí ẹrù rẹ̀ jábọ́ lórí ọkọ̀ tí kò mọ ibi tó já sí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ohùn kan balẹ̀ sínú fóònù rẹ̀ láti inú ẹgbẹ́. Orin orílẹ̀-èdè ló fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá ò mọ ìgbà tó dìde. Ó ṣí fìlà, ó nà gbọnrangandan láàárín iyàrá, omi sì ń lé ró lójú rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i tẹ́ ẹ dúró báyìí," ni ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, wí. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bí orin náà ti dákẹ́, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúwo-wúwo lédè òyìnbó. Bàbá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá jáde sí àárín ilé, ó na ọwọ́ sókè, gbogbo ènìyàn sì dákẹ́ bíi ti ayé àtijọ́. Àní Jude, ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé, tó ń fọ kẹ̀kẹ́ Márúwá rẹ̀ pa omi.

"Ààrẹ ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yọjú síta, ì báà jẹ́ aláìsàn. Wọ́n ti ti gbogbo ilé ìwòsàn. Ẹni tí wọ́n bá rí lójú títì, àgọ́ àwọn oníkòrónà ni wọ́n ń gbé e lọ."

Jude ti kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ilé, ó sì fi ṣéènì dè é.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá tán. Ọjọ́rú ló yẹ kó lọ gba òmíràn ní Ìdí-Àràbà. Ọjọ́rú dé, ó ti wẹ̀, ó ti múra, Bàbá ní kó jókòó. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, orí ń fọ́ ọ débi pé kò lè wo ìmọ́lẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì náà ni Fẹ́yìsayọ̀ wọlé. Nọ́ọ̀sì ni, ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdí-Àràbà, iyàrá tó kẹ́yìn nínú ilé Bàbá yìí ló sì ń gbé. Láti ọjọ́ Àìkú ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ náà ló ń sùn.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mi ò rí Màmá níta."

"Ó wà nínú ilé. Orí ń fọ́ ọ díẹ̀."

Fẹ́yìsayọ̀ wọlé tọ̀ ọ́ lọ. Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ méjèèjì di orí mú.

"Fẹ́yìsayọ̀, méjì-méjì ni mò ń rí ẹ."

"Ẹ̀yin Màmá, èmi kan ṣoṣo yìí náà ni wọ́n ń sọ pé ó sanra jù." Ó ti ń di ọwọ́ rẹ̀ mú bó ṣe ń sọ ọ́. "Oògùn yín ńkọ́?"

"Ó ti tán láti ọjọ́ Ajé."

"Ẹ ò sì wá gbà á?"

Màmá fi ojú tọ́ka sí ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Òfin Ààrẹ ni," ni Bàbá wí. "Wọ́n ti ti ilé ìwòsàn."

"Bàbá, ibo lẹ rò pé mo ti ń bọ̀? Ṣé ọjà ni mo ń ná láti ọjọ́ Àìkú?"

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ lè wọlé. Wọn ò gba aláìsàn. Ṣé kí n fa ìyá Rótìmí lé wọn lọ́wọ́ lójú títì, kí n má sì mọ ibi tí wọ́n gbé e lọ?"

Fẹ́yìsayọ̀ wá rí i pé kì í ṣe agídí ló ń ṣe bàbá náà. Ẹ̀rù ló ń bà á.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn náà."

Bàbá tẹ̀ ẹ́. Bí orin ti bẹ̀rẹ̀, ó tún nàró.

"Ẹ jókòó, Bàbá, fóònù ni."

"Mi ò lè jókòó sí i. Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀."

Nígbà tó parí, Fẹ́yìsayọ̀ béèrè pé, "Ta ló fi ránṣẹ́?"

"Alága ẹgbẹ́ wa."

"Ta ló fi ránṣẹ́ sí alága?"

Bàbá tún wo ojú fóònù náà.

"Màmá ti sọ fún mi bẹ́ ẹ ṣe máa ń túmọ̀ rédíò fún gbogbo ilé. Bí olórí ìjọba bá sọ̀rọ̀ tán nígbà yẹn, ṣé ó parí síbẹ̀?"

"Rárá o." Ojú bàbá tàn díẹ̀. "Wọ́n á tún un sọ nínú ìròyìn. Tílẹ̀ bá mọ́, a ó lọ dúró sọ́dọ̀ oníwèé ìròyìn ní Ojúẹlẹ́gbà, a ó ka iwájú ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ títí yóò fi lé wa. Ọkọ̀ ìjọba á máa fi gbohùngbohùn ké e kiri. Tó bá fi dọ̀sán, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo ẹnu ń sọ."

"Èyí tó wà nínú fóònù yín ńkọ́? Ibo lẹ tún ti gbọ́ ọ?"

Bàbá gbójú sókè wo rédíò rẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Iṣẹ́ Ààrẹ ni láti kéde nígbà ìpọ́njú," ni Fẹ́yìsayọ̀ wí. "Bó bá sì kéde, ó máa ń sọ ibi tó kàn, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye ọjọ́ tó máa gbà, àti àwọn tí kò kàn. Ó máa ń buwọ́ lu ìwé òfin. Mínísítà á tún un sọ, gómìnà á tún un sọ. Èyí ò lọ́jọ́, kò sì níbì kan. Ìbẹ̀rù nìkan ló ní. Orin tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ tó bá wù ú."

"Mo fẹ́ fi etí ara mi gbọ́ ọ."

Bàbá gbé rédíò sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Fẹ́yìsayọ̀ yọ bátìrì méjì nínú tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, Jude náà mú méjì wá. Rédíò hó.

"Wáyà," ni Màmá wí. "Ẹ gbé mi súnmọ́ fèrèsé. Ẹ̀yin ò mọ ibi tó máa ń wà."

Wọ́n gbé àga sí i. Ó na ọwọ́ òsì sókè. Ohùn já gaara. Ìròyìn Yorùbá ni: kónílé-ó-gbélé tí Ààrẹ kéde, ọjọ́ mẹ́rìnlá, fún Èkó, Ògùn àti Àbújá. Kò kan ilé ìwòsàn. Kò kan àwọn tó ń ta oògùn. Kò kan...

Ọwọ́ Màmá já wálẹ̀. Rédíò tún hó. Ó gbìyànjú láti gbé ọwọ́ náà sókè, ọwọ́ kò gbọ́.

Bàbá ò wo rédíò mọ́.

"Jude, gbé kẹ̀kẹ́ jáde."

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ní ká má..."

"Irọ́ ni mo sọ. Gbé e jáde."

Ọlọ́pàá dá wọn dúró ní Lawanson. Fẹ́yìsayọ̀ fi káàdì iṣẹ́ rẹ̀ hàn, Bàbá na káàdì ilé ìwòsàn Màmá sí i. Ọlọ́pàá náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó wo ojú Màmá.

"Ẹ máa lọ, Bàbá. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pẹ́ tó báyìí?"

Títí wọ́n fi dé Ìdí-Àràbà, Bàbá ò fi ọwọ́ òsì Màmá sílẹ̀.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fẹ́ fa rọpárọsẹ̀, pé bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i, apá òsì yẹn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ láyé. Ọjọ́ mẹ́fà ni Màmá lò níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó padà wálé, Bàbá jáde sí àárín ilé, ó na ọwọ́ sókè.

"Ọ̀rọ̀ tí mo túmọ̀ fún yín lọ́jọ́ Ajé ọjọ́sí, kì í ṣe Ààrẹ ló sọ ọ́. Mi ò wádìí. Mo fẹ́ràn kí ẹ máa dákẹ́ gbọ́ mi ni, bí ìgbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ìyàwó mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Ẹ má bínú."

Jude béèrè pé, "Bàbá, ṣé Ààrẹ ló ní ká má bínú, àbí ẹ̀yin?"

"Èmi ni. Ti Ààrẹ, ẹ lọ gbọ́ ọ nínú rédíò."

Ilé dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé tí Ààrẹ tún sọ̀rọ̀, rédíò ti wà lójú fèrèsé. Oníkálukú dúró sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, aṣọ bo imú. Bàbá ń túmọ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ ló di wáyà mú, ọwọ́ òsì náà ló sì fi nà án sókè, ó ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn já gaara.

Ẹ̀yin ará wa, nígbà ìṣòro, ẹ pa òfin tí olórí orílẹ̀-èdè bá kéde mọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé òun ló kéde rẹ̀. Ohùn inú fóònù kan ò tó. Ẹ gbọ́ ọ lórí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n, ẹ bi òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ti ìlera tó wà nítòsí yín léèrè. Ẹ béèrè pé ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀, ibo ló kàn, ta ni kò kàn. Ọ̀rọ̀ tó bá ní kí aláìsàn má lọ gba ìtọ́jú, ẹ má ṣe gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ẹ tó wádìí rẹ̀. Bí oògùn ojoojúmọ́ bá ti fẹ́ tán nílé yín, ẹ má dúró dìgbà tó máa tán.

Ẹ sì wo rédíò yín lónìí yìí, kí ẹ rí i pé bátìrì wà nínú rẹ̀.